Kànga Kolmani àti Ọ̀pá Ajáòkúta: Èwo Ni Gáàsì Yóò Gbà Dé Kàdúná?

Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ tá a ṣe ní Kàdúná lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí ọ̀rọ̀ gáàsì kò wọ̀ ọ́. Bá a bá ń sọ̀rọ̀ owó ilé ẹgbẹ́, ẹnì kan á ní ká ṣe sùúrù, pé tí gáàsì bá dé, iléeṣẹ́ á ṣí, iṣẹ́ á wà, owó á sì tibẹ̀ wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná NEPA ni, ẹlòmíì á ní gáàsì ń bọ̀. Àmọ́ tá a bá wá béèrè pé gáàsì wo, láti ibo, ẹnu á pín sí méjì. Àwọn kan á ní èyí tí wọ́n gbẹ́ ní Kolmani ni, lọ́hùn-ún láàárín Bauchi àti Gombe. Àwọn mìíràn á ní rárá, ti ọ̀pá tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ láti Ajáòkúta ni. Ọ̀pọ̀ ló tiẹ̀ gbà pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ẹni tí kò bá sì mọ ọ̀nà tí àlejò ń gbà bọ̀, ibòmíì ni yóò lọ dúró sí dè é.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Kolmani, torí òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá nǹkan níbẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1990 ni Shell ti gbẹ́ kànga tí wọ́n pè ní Kolmani River I. Gáàsì ni wọ́n bá, àmọ́ kò tó ohun tí iléeṣẹ́ bíi tiwọn lè torí ẹ̀ náwó, ni wọ́n bá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Nǹkan bí ogún ọdún kọjá kí NNPC tó padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019, Muhammadu Buhari, Ààrẹ ìgbà náà tó ti dolóògbé báyìí, ló ṣí iṣẹ́ kànga kejì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, NNPC kéde pé àwọn ti bá epo àti gáàsì, pé ẹ̀rọ àwọn wọlẹ̀ tó 13,701 ẹsẹ̀ bàtà. Ìyẹn lé ní kìlómítà mẹ́rin sísàlẹ̀ gbọnrangandan.

Ayẹyẹ ńlá wá ni ti ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Buhari tún padà lọ síbẹ̀ láti ṣí iṣẹ́ gbígbẹ́ kànga lọ́nà ti òwò. Àwọn mẹ́ta ló di í mú: NNPC, Sterling Global, àti NNDC. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ahmadu Bello Way kọjá mọ ilé NNDC dáadáa. Iléeṣẹ́ àwọn ìpínlẹ̀ 19 tó wà ní Àríwá ni, ibí sì ni orí rẹ̀ wà. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kolmani di ọ̀rọ̀ Kàdúná nìyẹn, tí àwọn aládùúgbò wa fi ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oko bàbá wọn, tí a kò sì lè bá wọn jiyàn, torí oko bàbá wọn ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ka ohun tó ń bọ̀ sétígbọ̀ọ́ aráyé. Wọ́n ní epo tó wà nílẹ̀ tó bílíọ̀nù 1 àgbá, gáàsì sì tó bílíọ̀nù 500 kúbíkì fíìtì. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ilé ìfọpo tí yóò máa fọ 120,000 àgbá lójúmọ́, ilé iná 300 mẹ́gáwáàtì, iléeṣẹ́ ajílẹ̀, àti ẹ̀rọ tí yóò máa tọ́jú gáàsì tó mílíọ̀nù 500 kúbíkì fíìtì lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan níbí, kò le. Gáàsì ilẹ̀ ibẹ̀, bílíọ̀nù 500. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kọ́, mílíọ̀nù 500 lójúmọ́. Ẹ pín in: 1,000 ọjọ́ ni. Kò pé ọdún mẹ́ta. Lóòótọ́, iye tí wọ́n kọ́kọ́ rí nìyẹn, bí wọ́n bá tún gbẹ́ sí i, wọ́n lè bá púpọ̀ sí i, a kò sì gbàdúrà pé kí wọ́n má bá a. Àmọ́ ohun tó wà lórí ìwé la ń sọ. Gbogbo gáàsì tí Nàìjíríà kà pé òun ní lé ní tírílíọ̀nù 200 kúbíkì fíìtì. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 400, ti Kolmani kò tó ọ̀nà kan nínú rẹ̀. Níbo ni ìyókù wà? Ní Niger Delta àti inú òkun tó wà níwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wà.

Láti ọjọ́ ayẹyẹ yẹn títí di òpin ọdún 2025, a kò gbọ́ pé epo Kolmani wọ ọjà. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu jù. Ibẹ̀ jìnnà sí etí òkun, kò sí ọ̀pá kankan tó lè gbé ohun tí wọ́n bá rí jáde, owó tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ kì í sì í ṣe kékeré. Ti ààbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò tíì gbàgbé oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí àwọn Boko Haram dènà de àwọn tó ń wá epo kiri ní agbègbè Adágún Chad, lẹ́bàá Magumeri. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Maiduguri wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ojú sí Kolmani pé ibẹ̀ ni gáàsì yóò ti dé Kakuri lọ́dún tó ń bọ̀, kó má fi owó orí ọjà rẹ sórí ìrètí yẹn.

Ọ̀pá Ajáòkúta ńkọ́? Ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní AKK, ìyẹn Ajáòkúta sí Kàdúná sí Kánò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 614, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínṣì 40, ọmọdé lè rá gba inú ẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni wọ́n ṣí iṣẹ́ náà. Àsìkò kòrónà ni, torí náà Buhari jókòó sí Abuja, ó ń wò wọ́n lórí ẹ̀rọ, àwọn kan pé jọ sí Ajáòkúta, àwọn kan sì wà ní Rigachikun wa níbí, lójú ọ̀nà Zaria. Wọ́n ní ilé iná tuntun yóò tẹ̀ lé ọ̀pá náà: 1,350 mẹ́gáwáàtì ní Abuja, 900 ní Kàdúná, 1,350 ní Kánò.

Owó tí wọ́n ń retí láti China kò wá bí wọ́n ṣe rò, ni NNPC bá ń fi owó ara ẹ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2023 tí wọ́n ti dárúkọ rí kọjá lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Lọ́dún 2025, wọ́n kéde pé ọ̀pá náà ti gba abẹ́ Odò Ọya kọjá, ibẹ̀ ló sì le jù nínú gbogbo ìrìn àjò rẹ̀. Bayo Ojulari, ọmọ Kwara tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ABU Zaria, ló ń darí NNPC láti oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àwọn kan nínú wa ti ń fi ìyẹn yangàn, pé ọmọ wa ló wà níbẹ̀, yóò yá. Ó dáa, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kì í jó irin pọ̀.

Ohun tó yẹ ká máa bi wọ́n ni èyí: ta ni yóò pọn gáàsì sínú ọ̀pá náà? Ọ̀pá lásán kì í ṣe gáàsì. Láti Niger Delta ni gáàsì yóò ti wá dé Ajáòkúta kó tó kọrí sọ́dọ̀ wa. Ọ̀pá mìíràn tó yẹ kó kó ti ìlà oòrùn Niger Delta wá ni wọ́n ń pè ní OB3, láti Obiafu àti Obrikom ní Rivers dé Oben ní Ẹdó. Kò ju kìlómítà 130 lọ, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ibi tó ti yẹ kó gba abẹ́ Odò Ọya ti ń fún àwọn ẹlẹ́rọ níṣòro. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n lè jó ọ̀pá Kàdúná parí, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, kí gáàsì tó yẹ kó kún un má sì tó. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ tàn wá jẹ. Ọ̀rọ̀ OB3, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nípàdé wa, ló kàn wá ju ti Kolmani lọ.

A ní ìdí tá a fi ń sọ ọ́ báyìí. Ìlú Kàdúná ti rí irú ẹ̀ rí. Ilé ìfọpo tó wà níbí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1980, agbára rẹ̀ jẹ́ 110,000 àgbá lójúmọ́. Láti apá Warri ni ọ̀pá ti ń gbé epo rọ̀bì wá fún un. Nígbà tí wọ́n bá ti bẹ́ ọ̀pá yẹn lọ́nà, ilé ìfọpo á jókòó. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tó ti jókòó pátápátá.

Àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ńkọ́? Àwọn àgbà wa rántí ìgbà tí fèrè bá dún ní Kakuri láàárọ̀, tí kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ á kún títì. Kaduna Textiles, èyí tí Sardauna dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, Arewa Textiles, Nortex, UNT. Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ rí ní Kakuri àti Makera, tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn wa, owó iléeṣẹ́ aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kaduna Textiles ti lọ́dún 2002. UNT ti lóṣù Kẹwàá ọdún 2007. Wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ òkèèrè tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wà lára ohun tó pa wọ́n. Èyí tá ò kì í sọ tó ni ti epo dúdú tí wọ́n fi ń gbé iná sábẹ́ ìkòkò ńlá wọn. Nígbà tí epo dúdú wọ́n, tó sì ń ṣe wá, ṣe lọ, ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ilé iná 215 mẹ́gáwáàtì tí wọ́n kọ́ sí Kudenda náà, wọ́n ṣe é kó lè lo epo, kó sì lè lo gáàsì. Ó ń retí gáàsì bí àwa náà ṣe ń retí rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ará wa nílé. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà àti Agbára ti ń lo gáàsì inú ọ̀pá ó ti lé ní ogún ọdún. Gáàsì ibẹ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ tààrà, kò sí pé táńkà dísù kò tíì dé. Ṣé ẹ rò pé lásán ni iléeṣẹ́ fi pọ̀ ní Ọ̀tà bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni pé Èkó wà nítòsí wọn. Ṣùgbọ́n gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láti Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ni ọ̀pá tó ń gbé gáàsì Nàìjíríà lọ sí Kútọnu, Lómé, Tema àti Takoradi ti bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 678 ni. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun kan ló fa ọ̀pá náà ya nítòsí Lómé, ni gáàsì bá dá fún oṣù púpọ̀, iná sì di ọ̀wọ́n ní Gánà. Ẹni tó bá wà ní òpin ọ̀pá, ọwọ́ àwọn tó wà lójú ọ̀nà ló wà. Kàdúná ni yóò wà nípò Gánà nínú ọ̀rọ̀ AKK.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará ilé, a kò sì fẹ́ fi pamọ́. Òfin epo rọ̀bì tí Buhari fọwọ́ sí lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ya ìdá 30 nínú 100 èrè epo àti gáàsì NNPC sọ́tọ̀, kí wọ́n fi máa wá epo ní àwọn ibi tuntun bíi Kolmani àti Adágún Chad. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn gómìnà Gúúsù ti ṣèpàdé ní Èkó lọ́jọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n ní àwọn ò gbà. Nígbà náà, bí a bá délé fún ọdún tàbí ìsìnkú, wọ́n á bi wá pé ta là ń gbè lẹ́yìn. Bí a bá padà dé Kàdúná, aládùúgbò á bi wá pé ṣé àwa náà wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí Àríwá ní epo.

Èrò tiwa rèé. Ẹ padà sí ìṣirò òkè yẹn. Owó tí wọ́n bá dà sínú kànga Kolmani kò ní tètè tan iná fún ẹnikẹ́ni ní Kàdúná, yálà Hausa, Gbagyi tàbí Yorùbá. Owó tí wọ́n bá fi parí OB3 àti AKK ni yóò tàn án. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá ní ìdá 30 yẹn pọ̀ jù kì í ṣe ọ̀tá ìlú tó gbà á lálejò. Ó lè sọ ọ́ níwájú aládùúgbò rẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá tààrà ni a ń bọ̀ yìí. Òfin kan náà ló ní kí iléeṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ epo tàbí gáàsì ládùúgbò kan dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìdá 3 nínú 100 owó tí wọ́n ná lórí iṣẹ́ wọn lọ́dún tó kọjá sínú ẹ̀. Kò mọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga nìkan, ó kan àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé gáàsì kọjá pẹ̀lú. Nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tó pa wá lẹ́rìn-ín: iléeṣẹ́ tó dá àpò náà sílẹ̀ ni òfin ń pè ní "settlor". Tẹ́ ẹ bá pè é kíákíá, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa àlejò ni. Àmọ́ iléeṣẹ́ ni settlor tó lówó o, àwa kọ́.

Ta wá ni ará ibẹ̀? Òfin dárúkọ àdúgbò. Kò ní kí wọ́n wo ìlà ojú ẹni. Ṣùgbọ́n a mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Tudun Wada, tó lọ sílé ìwé ní Barnawa, tó ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ, tí bàbá rẹ̀ gan-an bá ọkọ̀ ojú irin dé nígbà ọmọdé, bí iṣẹ́ bá yọjú, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé ọmọ onílùú wá. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn níbí, wọ́n ní kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá wá ń kọ orúkọ àwọn tí yóò bójú tó àpò owó náà, tí kò sí ẹnì kankan láti ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ta la fẹ́ dá lẹ́bi lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Ìyẹn nìkan kọ́. Òfin náà sọ pé bí wọ́n bá ba ọ̀pá jẹ́ ládùúgbò kan, inú owó àdúgbò yẹn ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe. A jẹ́ pé bí a kò bá sí nínú àwọn tó ń pín owó, a ṣì wà nínú àwọn tí ìyà owó tí wọ́n yọ yóò jẹ.

Ti ilẹ̀ tún wà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 kò sanwó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìjọba bá gbà á fún irú iṣẹ́ yìí, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀: ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí apá Rigachikun tàbí lójú ọ̀nà Abuja pẹ̀lú ìwé tí onílẹ̀ fọwọ́ kọ lásán, kó lọ wá rìsíìtì rẹ̀, kó ya fọ́tò ilé àti igi tó wà lórí rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Kó má dúró dìgbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá gbé èèkàn dé.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe wẹ́dà pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó mọ géètì í jó kò tíì mọ ọ̀pá gáàsì í jó. Ojú ìsopọ̀ ọ̀pá ínṣì 40 kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ inú ẹ̀ wò bí dókítà ṣe ń yẹ egungun wò, tí wọ́n bá rí ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á ní kí wọ́n tún un jó. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń bi wẹ́dà bẹ́ẹ̀. Jíjó ọ̀pá ńlá fúnra rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa, òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kéékèèké tí yóò ya láti ara rẹ̀ wọ iléeṣẹ́, wọ ilé búrẹ́dì, wọ hòtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Àjọ NCDMB ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NOGIC JQS, níbi tí ọmọ Nàìjíríà tó mọ iṣẹ́ ti lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń dá owó àjọ, owó tí ẹ fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rán an lọ kọ́ iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan tó kù, torí àwọn ìyá kan bi wá: gáàsì inú ọ̀pá yìí kọ́ ni ti inú sílíńdà tí ẹ fi ń dáná o. Ti sílíńdà ń di omi tí wọ́n bá fún un mọ́nú, táńkà ló ń gbé e wá. Ti ọ̀pá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní wọ sílíńdà ilé yín. Nítorí náà, dídé rẹ̀ kò sọ pé owó gáàsì ìdáná yóò já lulẹ̀ lọ́la. Iléeṣẹ́ àti ilé iná ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ń forúkọ gbogbo olùgbé sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ onílùú nìkan. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan béèrè nípàdé tó ń bọ̀ pé ènìyàn mélòó nínú wọn ló ti ní nọ́ńbà yẹn, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka tó wà ní Igabi àti Chikun, tí ọ̀pá kọjá lágbègbè wọn tàbí tó sún mọ́ wọn, kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí yóò wà nínú ìgbìmọ̀ àpò owó náà. Kí wọ́n mú ẹ̀dà lẹ́tà náà, èyí tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sí, wá fún wa. A ó gbé èsì rẹ̀ síbí.